Fìlà Aláwọ̀ Méjì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣòfófó. Ojú mi ló kàn máa ń rí nǹkan, tí ẹnu mi kì í lè gbà á mọ́ra.

Ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ló fa gbogbo wàhálà. Ilé ìwé ní kí ọmọ múra bí ìjòyè, bí ọdẹ, bí ìyálọ́jà. Ni gbogbo Òrè bá ń wá fìlà kiri. Àwọn kan tilẹ̀ gba Òdìgbó lọ, ìlú ọba Ọ̀rúnjà, kí wọ́n lè yá abetí-ajá bàbá àgbà. Kí lẹ fẹ́ rí ní ìkóríta tiwa yìí, ju èrò Èkó àti èrò Bìní tó ń jẹun, tó ń wo aago?

Bàbá Akunlé ní tiẹ̀ fi páálí ṣe fìlà fọ́mọ. Pẹ́ńtì pupa tó ṣẹ́kù kò tó, funfun náà kò tó. Ó kun apá ọ̀tún ní pupa, ó kun apá òsì ní funfun. Ọmọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ìyá Alákàrà lọ́tùn-ún ní, “Fìlà pupa yìí mà wuyì o!” Ìyá Onígaàrí lósì ní, “Pupa bàbá ta ni? Ojú ń dùn yín ni?” Ó tán!

Wọ́n ní ó le kú, ìjà Òrè. Lọ́dún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, wọ́n gba Bìní, wọ́n kọrí sí Èkó. Òrè yìí ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ìjà ilé wa kò ní ìbọn, ṣùgbọ́n ọmọrogùn wà níbẹ̀.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, fìlà. Ṣebí irú ẹ̀ ni Èṣù dé, pupa lápá kan, dúdú lápá kejì, tó fi gba ààlà oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá, tí ọ̀rẹ́ fi di ọ̀tá.

Agùnbánirọ̀ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló bá wa pa iná ìjà náà. Ó ní kí a wá ṣeré. Ó kó fìlà márùn-ún jáde, funfun mẹ́ta, pupa méjì, gbogbo wa rí i. Ó to ọmọ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, wọ́n dijú, ó dé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó méjì tó kù pamọ́. Ẹni ẹ̀yìn ń wo fìlà méjì níwájú, ẹni àárín ń wo ẹyọ kan, ọmọdébìnrin iwájú ń wo ògiri. Àwọ̀ wo ló wà lórí rẹ? Ẹni ẹ̀yìn ní òun ò mọ̀. Ẹni àárín ní òun ò mọ̀. Ọmọ iwájú ní, “Funfun ni tèmi.” Funfun ni lóòótọ́!

Ìyá Alákàrà ní ó yọjú wò ni. Irọ́ o! Ká ní pupa ni méjèèjì tó wà níwájú, ẹni ẹ̀yìn ì bá mọ̀ pé pupa ti tán, funfun ni tòun. Kò mọ̀, a jẹ́ pé funfun wà níwájú ẹ̀. Ẹni àárín gbọ́ ìyẹn. Ká ní pupa ló rí lórí ọmọ iwájú, ì bá mọ̀ pé òun ló dé funfun. Òun náà ò mọ̀. Kí ló wá kù? Ọmọ tí kò rí nǹkan kan fetí sílẹ̀, ó gbà á. Àgbà méjì tó ríran kò bi ara wọn léèrè.

Èyí tó wá bí mi nínú ni pé Bàbá Akunlé tún fẹ́ fi ìyókù pẹ́ńtì kun ojú ọmọ. Osùn ń bẹ lọ́jà, ẹfun ń bẹ. Ẹ̀yin òbí, pẹ́ńtì ògiri kì í ṣe ohun à ń fi kun ara ọmọ. Fìlà ni kí ẹ kùn, kí ẹ fi ojú sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì bi yín, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o.