Bọ̀ọ̀dá Sọ́mà

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ní kékeré, ọ̀sán gangan inú oṣù kẹta ló máa ń ru máńgòrò kiri títì láìwọ bàtà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ pé ó dákú rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ooru Lọ́ńdọ̀nù dé ìwọ̀n 28 péré lónìí, kíá ni yóò ti sọ fáìlì di abẹ̀bẹ̀, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. "Ooru ibí yàtọ̀ o. Tiwa, orí ara ló ń mọ. Tiwọn, inú eegun ló ń wọ̀."

Kò sí kánsù tí Yorùbá ti tó mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ò ní bá irú rẹ̀ kan níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin, iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ó tún ń tọrọ ófátáìmù. Ìgbà tí oṣù kẹfà bá wọlé, tí ilẹ̀ ń mọ́ kó tó di aago márùn-ún, tí oòrùn kò sì wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ni gbogbo ara rẹ̀ á yí padà.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ooru náà máa ń mú lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé wọn, kí òtútù má baà wọlé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọkọ̀ Central àti Bakerloo tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé ìwọ̀n 40.3 ní Coningsby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà rí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin fúnra wọn ní kí èèyàn jókòó sílé. Ta ló máa bá a wí lọ́jọ́ náà? Ọ̀rọ̀ tó kàn wà níbẹ̀ ni pé látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá ti yọ ti di ọjọ́ 19 oṣù keje lójú Bọ̀ọ̀dá.

Ìwé ìlànà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́, kò ṣí i wò. Òfin ibi iṣẹ́ ti ọdún 1992 ńkọ́? Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ oríkì bàbá rẹ̀. Á jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, á máa là á yé e pé ìlànà ní kí ọ́fíìsì má tutù ju ìwọ̀n 16 lọ, kí ló wá dé tí wọn ò dá iye kankan fún ooru? Ìbéèrè gidi ni, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ti ń bi ìjọba tipẹ́. Àmọ́ títí tí àlàyé á fi parí, àwọn ayálégbé kánsù tí ògiri wọn ń rin ṣì ń retí èsì lẹ́tà wọn.

Ní Fúráìdeé, á ní ilé ni òun ti máa ṣiṣẹ́. Àmì aláwọ̀ ewé tó wà lára orúkọ rẹ̀ lórí Teams máa ń di yẹ́lò bí kò bá ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì rẹ̀ ti gba họlidé. Táíwò á máa fa máòsì títí di ọ̀sán, Kẹ́hìndé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wọn ti lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀.

Ẹ wá wò ó ní Sátidé, ní họ́ọ̀lù kan lójú Old Kent Road. Agbádá léèsì ló wọ̀, ó dé fìlà, fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣí. Òun ló ń gbé kúlà ìrẹsì látinú ọkọ̀, òun ló ń to àga, òun ló ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ gba àsun lẹ́ẹ̀mejì. Owó aṣọ ẹbí wà lórí Excel nínú fóònù rẹ̀: ẹni tó ti san, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó ní òun á san àmọ́ tí kò ní san, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀gá tó ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ìròyìn iṣẹ́ láti oṣù karùn-ún ì bá ṣubú lulẹ̀. Kí aago méjìlá tó lù tí onílé á máa pa iná, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti kó ẹrù.

Ní Mọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti iṣẹ́ òru dé, ó bá a lórí àga.

"Dádì Ìbejì, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ooru ló mú mi. Mo ti pè wọ́n."

"Ooru wo? Òjò mà ń rọ̀ níta."

Bọ̀ọ̀dá ṣí kọ́tìnì, ó wò ó dáadáa. "Ti Sátidé ni."

Nígbà tó bá di oṣù kẹwàá tí wọ́n ń pín ìsinmi Kérésì, òun ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, nínú kóòtù àti síkáàfù. "Mà, ìjọba yín fúnra wọn ló ní káwa aláwọ̀ dúdú máa lo fítámì D yípo ọdún, torí oòrùn ibí kò tó wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ fi lọ yá oòrùn l'Ékòó."