Bí A Ṣe Ń Parí Eré Ìdárayá Ọdún Kan ní Àárọ̀ Sátidé Kan

Ìlànà yìí kì í ṣe fún ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n ti gbọ́ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ lọ́dún 2020: kí àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 18 sí 64 máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bí eré náà bá le, kí ó sì wá ọjọ́ méjì, ó kéré tán, tí yóò fi ṣe iṣẹ́ tí iṣan yóò mọ̀ lára. Ìyẹn ti tó fún un. Ẹ̀yin òpònú wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà l'Ọ́ṣun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ ní àwáwí. Tiyín kò ṣòro, ẹ jogún rẹ̀ ni. Fágbàmílà Ajagúnńlá ti fẹsẹ̀ rìn láti Ilé-Ifẹ̀, tòun ti Ògbó, àdá rẹ̀, lọ́wọ́, ó ń fi í la ọ̀nà nínú igbó kìjikìji. Baba ńlá yín ti bá gbogbo ìran rìn ín tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ìparí àdúgbò, ẹ bi í bóyá kò gbọ́ ìtàn ni.

Nítorí náà, ọ̀kadà ni kí ẹ máa gùn. Ẹ gùn ún lọ sọ́jà, ẹ gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń gbọ́ agogo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, tàbí mọ́ṣáláṣí tí ìpè rẹ̀ ń jí yín. Dókítà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, tó wádìí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1953. Ó rí i pé àrùn ọkàn ń ṣe àwọn dírébà tó ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ, àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò kí wọ́n lè gba owó ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òpònú kò fara sin: ta ni ọ̀gá nínú bọ́ọ̀sì? Dírébà ni. Ẹ má ṣe kọ̀ńdọ́ láyé yín.

Ó wá ku Sátidé náà. Ẹ yan ọ̀kan péré nínú ọdún. Ẹ ra tiràkísúùtì tuntun, ẹ ra kánfáàsì funfun, ẹ ya fótò lẹ́nu géètì kí òógùn tó bà á jẹ́, kí ẹ sì gbé e sórí Wásáàpù. Lẹ́yìn èyí, ẹ dorí kọ Òkè-Ìlá. Ìwọ̀n kìlómítà 12 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, òkè sì pọ̀ lágbègbè ibẹ̀. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan yóò débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 144. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kó pé 150. Ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni ẹ ó fi wá ọ̀kadà tí yóò gbé yín padà sílé.

Àwọn dókítà ní ìrìn tó mọ níwọ̀n ni èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ẹ̀yin ẹ máa kọrin. Ẹ máa dúró kí gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè àna, ẹ béèrè ewúrẹ́.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ní ẹni tó kó eré ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ kan tàbí méjì ṣì ń jèrè. Òótọ́ ni. Àmọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò tún jáde, tiyín sì di ọdún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́rú, ẹ fi àbọ̀nìkí pa ẹsẹ̀, ẹ tiro, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí yín pé eré ìdárayá léwu.

Nípa kíka ìṣísẹ̀: ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó ń ta ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ ló sọ iye 10,000 di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1965. Ọjà ni wọ́n ń polówó. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi fóònù yín sápò ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì. Kó tó di ọ̀sán, ẹ ti rin 15,000 láìkúrò lórí àga.

Ijó náà ń bẹ nínú ìdárayá, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń jó o. Gómìnà Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè, tó gorí àlééfà ní November 2022, ń jó níbi gbogbo. Ẹnu ò lè bà á lórí ìyẹn. Òpònú gidi a máa wò ó lórí fóònù, á mi orí díẹ̀, á ní òun náà ti jó. Lọ́jọ́ eégún, ẹ jẹ́ kí Eléwe jó títí tí òógùn yóò fi bò ó lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀yin ẹ wá ibòji, kí ẹ máa jẹ iyán tí ẹlòmíràn gún.

Ibi tí òpònú ti ń gboyè ni ọ̀rọ̀ màmá. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń lọ sóko ẹ̀gẹ́ etílé, ó ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, ó ń pọnmi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wá ti Èkó dé fún ọdún. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní: “Màmá, ìyà yín ti tó o. Ẹ má lọ sóko mọ́. Ẹ máa jókòó, àwa ni a ó máa tọ́jú yín.” Ẹ ra àga onítìmùtìmù, ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má ka ìlànà ọdún 2020 yẹn sétí yín, nítorí ó ní kí ẹni tó ti tó ọdún 65 fi ìdárayá tó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sì ń fún iṣan lágbára kún tàwọn yòókù, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó má baà máa ṣubú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ màmá kò ní lè dìde lórí àga náà láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wà nídìí rẹ̀ láàárín àwọn ìbátan.

Bí ìjọba bá pè yín, ẹ mọ bí a ṣe ń jẹ́ ẹ. Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n ṣètò ìrìn kan l'Ọ́ṣun tí wọ́n pè ní Walk to Live, gómìnà a sì máa bá èrò rìn. Òpònú á gba fáàǹtì ọ̀fẹ́, á rìn dé ibi tí kámẹ́rà wà, á yà sílé ẹmu. Ẹ má ṣe wo adẹ́mu tó gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ láti dá ẹmu náà. Iṣan rẹ̀ yóò dójú tì yín.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìlànà ọdún 2010 ní kí eré kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọlé ìṣirò. Ti 2020 yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ènìyàn fi rìn lọ ra ata náà ti wọlé. Bí òpònú bá mọ èyí, àwáwí “n kò ráyè” ti kú nìyẹn.

Ẹni tí ìlànà mi yìí bá ṣòro fún, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 30 ló fi ń rìn kánmọ́kánmọ́ lárààárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, a kò ní nǹkan kan fún un níbí. Kó máa lọ.