Fáìlì Tí Mo Fi Sọ Ẹbí Mi Di Onígbèsè

Nínú ẹbí wa n'Ìwó, èmi ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ńjíníà. N kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, n kò sì ṣe fìríìdọ̀mù. Ọdún 2013 ni oyè náà já lé mi lórí, nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ náà wálé, gbogbo ilé pagbo yí i ká, èmi sì ń fi ìka tọ́ka: ìwé Bàọ́lọ́jì rèé, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá rèé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti to gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kalẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí kò tíì mọ ABD pàápàá ì bá rí ibi tí nǹkan wà.

Oyè yìí ló kó bá mi lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí. À ń dáwó láti pààrọ̀ páànù òrùlé ilé bàbá wa. Èmi ni akọ̀wé, inú fóònù mi sì ni àkọsílẹ̀ àwọn tó ti san wà. Fóònù gbogbo wa ló ń pariwo pé òun ti kún. Àlàájì, olórí ẹbí, wojú mi.

"Ẹ̀ńjíníà, wọ́n ní àwọn áàpù kan wà tó máa ń to fáìlì, tó ń kó pàǹtírí dànù. Èwo ló dáa jù nínú wọn? Bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Àlàájì."

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ pé inú ń run mí.

Ẹ jẹ́ kí n dá ara mi láre díẹ̀: ọ̀rọ̀ áàpù yìí kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn tí fóònù Android kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2008, ọ̀pọ̀ ló dé ọwọ́ àwọn èèyàn láìsí ohun tí wọ́n lè fi wo bí fáìlì wọn ṣe tò nínú rẹ̀. Àwọn oní-iPhone dúró di ọdún 2017 kí áàpù Files tó dé bá wọn. Àlàfo yìí ni àwọn oníṣòwò áàpù rọ́ wọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Google fúnra rẹ̀ gbé Files Go jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Files by Google báyìí, wọ́n sì ṣe é fún irú fóònù tí ààyè kò pọ̀ nínú rẹ̀. Fóònù tiwa gan-an nìyẹn.

Gbogbo áàpù wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé sórí fóònù mi kí n tó dájọ́. Fóònù ní kò sí ààyè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti fídíò nìkáì rẹ́, kí n lè rí ààyè fún áàpù tí yóò bá mi wá ààyè. Ìyàwó mi wò mí títí.

"Bàbá Ìbejì, ṣé Ìbejì náà wà lára pàǹtírí ni?"

Mo ní iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe.

ES File Explorer ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sọ̀yà fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, àwọn tó sì gbé e sórí fóònù wọn káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ẹni tó bá ti yà lọ́dọ̀ mi, mo máa ń fi áàpù Xender fi ránṣẹ́ sí i, mò ń pín in bí ẹni ń pín sààrà. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Bowen ló là mí lóye. Ó ní, "Dádì, ẹ kò gbọ́ ni?" Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, olùwádìí kan láti ilẹ̀ Faransé tú àṣírí rẹ̀: bí èèyàn bá ti ṣí áàpù náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 59777. Ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú onífóònù lè gba ibẹ̀ wọlé kó fọ́tò àti fídíò rẹ̀. Àwọn tó ni áàpù dí ihò náà láìpẹ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Google yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ wọn. Àṣé ohun tó ti kúrò lọ́jà ni mò ń fi ọwọ́ ara mi há fún ẹbí àti ará.

Mo wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìyá àgbà kan kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ṣebí èmi ni mo ṣe é, báwo ló ṣe wá di pé mò ń ba ọjà ara mi jẹ́?

Ìyẹn kò kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nínú áàpù mìíràn, mo rí ibì kan tí wọ́n ti ń bi èèyàn bóyá ó fẹ́ rí fáìlì tó fara pamọ́. Ta ni kò ní fẹ́? Mo tẹ̀ ẹ́. Fáìlì tí àmì ìdánudúró ṣáájú orúkọ wọn wá yọjú láti ibi gbogbo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ .nomedia, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn, òdo ni ìwọ̀n wọn. Mo ní kí ni fáìlì òfìfo ń wá nínú fóònù tó kún? Mo gbá gbogbo wọn dànù.

Iṣẹ́ ńlá ni fáìlì òfìfo yẹn ń ṣe. Fódà tó bá wà nínú rẹ̀, gálárì kò gbọdọ̀ fi fọ́tò inú fódà náà hàn. WhatsApp ń fi irú rẹ̀ sínú fódà tó ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́. N kò mọ èyí lọ́jọ́ tí mo gbé fóònù fún Àlàájì kó wo àwòrán páànù. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó fi ìka tì í, ó wo ìkejì, ó tún tì í. Ló bá kan fọ́tò kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sùn ní ìpàdé, tó lanu, tí fìlà ti yẹ̀ sí ojú. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi nígbà kan, mo sì ti pa á rẹ́ nínú gálárì. Ẹ̀dà rẹ̀ kò kú.

Àlàájì gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Páànù wo nìyí?"

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò tó ohun tí mo fi àkọsílẹ̀ owó ṣe. Irú áàpù kan wà tó máa ń pín ojú fóònù sí méjì, fódà kan lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: John Socha ló fi ṣe Norton Commander lọ́dún 1986, Christian Ghisler láti Switzerland náà tẹ̀lé e lọ́dún 1993 pẹ̀lú èyí tó ń jẹ́ Total Commander lónìí. Mo ka gbogbo èyí tán, mo gbà pé ti àwọn àgbà nìyí. Mo wá irú rẹ̀ kan, mo ní kí n fi kọ́pì àkọsílẹ̀ owó òrùlé sórí mẹ́mórì káàdì, nítorí ọjọ́ mìíràn.

Kọ́pì àtijọ́ kan ti wà lórí káàdì kí Ààwẹ̀ tó wọlé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san kọ́bọ̀. Tuntun wà nínú fóònù, owó ti kún inú rẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Apá ọ̀tún, ti káàdì, ni mo dúró sí nígbà tí mo rò pé apá òsì, ti fóònù, ni mo wà. Áàpù náà ṣe ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ó to fáìlì méjèèjì sórí ara wọn, ó kọ déètì wọn síbẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ńjíníà, n kò kà á. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí orí WhatsApp ẹbí. N kò tilẹ̀ ṣí i wò. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn tí kò tíì san jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

Gbogbo ẹbí ni kò tíì san. Àlàájì ló ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ìbàdàn fi àlẹ́ẹ̀tì báńkì ránṣẹ́, kò kí mi. Àǹtí mi tó ń ta epo pupa lọ́jà Odò-Orí fi ohùn ránṣẹ́: "Akọ̀wé, owó tí mo kà sí ọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa epo mi, ṣé áàpù ló jẹ ẹ́ ni?" Ìwó ilé odídẹrẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í sùn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé akọ̀wé ti fi owó òrùlé ra fóònù tuntun.

Mo ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Gbogbo áàpù wọ̀nyí mọ ìwọ̀n fáìlì, wọ́n mọ déètì rẹ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Wọn kò mọ iyì rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n to ẹrù mi láti orí èyí tó tóbi jù, fídíò ewúrẹ́ tó ń jà ló wà lókè téńté. Àkọsílẹ̀ owó ẹbí kò wúwo tó fọ́tò kan ṣoṣo, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Onífóònù nìkan ló lè sọ èyí tó ṣe iyebíye, bí ó bá ní sùúrù láti ka ohun tí wọ́n ń bi í.

Nítorí náà, n kì í wo ẹwà áàpù mọ́. Mo kọ́kọ́ ń wádìí ibi tí ohun tí mo bá pa rẹ́ ń lọ. Files by Google máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó parẹ́ pátápátá, ìyẹn sì ti gba irú mi là. Mo tún ń wò ó bóyá yóò fi déètì hàn mí bí fáìlì méjì bá jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Fáìlì tí kò wúlò ni mo sì fi ń dán an wò.

Àlẹ́ẹ̀tì báńkì àti ìwé àjákọ Àǹtí, tó fi báírò kọ gbogbo rẹ̀ sí, ni a fi tún àkọsílẹ̀ tò. Ìpàdé gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún Àǹtí. Wọ́n ní kí n ra páálí mínírà méjì fún ìtanràn. Mo rà á. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò kan, mo ní kí wọ́n kọ rìsíìtì fún mi, lórí ìwé, kí Àlàájì bu ọwọ́ lù ú.