Mo Pe Kórópè Lẹ́jọ́ ní Àgbárá

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì bóyá òun ti di ará òkèèrè, kó jẹ́ kí kórópè gbá òun ní jáńkísọ̀n Àgbárá nínú Oṣù Kejìlá. Ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀.

Mọ́tò náà kì í ṣe tèmi. Camry àbúrò mi ni, ó yá mi kí n fi lọ kí ẹbí ní Ìgbẹ́sà. Mo rọra jáde láti OPIC Estate, mò ń fún gbogbo èèyàn lọ́nà bí a ti ń ṣe ní Kent níbi tí mò ń gbé, ìyẹn nìkan sì ti ń bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi nínú. Tírélà kan ti kú sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà, òmíràn ń gbìyànjú láti kọjá lára rẹ̀. Ẹ mọ Àgbárá. Láti ayé Olóyè Adéyẹmí Lawson tó dá Agbara Estate sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń wọbẹ̀, Nestlé àti Beta Glass ti wà níbẹ̀ kí n tó kọ́ mọ́tò wíwà. Ọ̀nà tí ìjọba máa fi bá ẹrù dọ́gba ni a ṣì ń retí.

Kórópè kan rò ó pé òun kò lè retí. Ó gba wọ́n-wéè, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà, ó ń tan iná sí mi lójú pé kí n kúrò lọ́nà òun. Kí n kúrò sí ibo, inú gọ́tà? Gbàà! Hẹ́díláìtì òsì fọ́, fẹ́ńdà wọnú, bọ́ńpà já sílẹ̀ lápá kan.

Dẹ́rẹ́bà bẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò rí mi ni?" Mo ní mo rí i, ibi tí mo ti rí i ni kò yẹ kó wà. Kí n tó sọ ìkejì, ó ti wo Camry, ó ti wo aago ọwọ́ mi, ó ti wo èrò tó ń pé jọ, ó sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Ó nà gbalaja sórí títì. "Dádì, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ Èṣù ni." Dádì! Bóyá ni mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.

Mo yọ fóònù. Mo ya nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀, mo ya ọ̀nà, mo ya gọ́tà. Mo béèrè orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti ìnṣọ́ránsì. Ní ìnṣọ́ránsì yìí ni èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin ni, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni táàdì-pátì ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000, pé ó yẹ kó san ohun ìní ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, pé láti Oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró nítorí rẹ̀. Màmá oníbọ̀ọ̀lì dá abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ọ̀gá, ta lẹ mọ̀ tí wọ́n ti san án fún rí?" Mo ro orí mi títí. Dẹ́rẹ́bà náà sì mú ìwé tirẹ̀ wá o. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti Golf kan.

Bí ìgbẹ́jọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pè wọ́n. Agbèrò kan pàṣẹ kí gbogbo èèyàn pa ẹnu mọ́. Pánẹ́bítà kan, tí mi ò mọ ibi tó ti yọ, ti ń tẹ fẹ́ńdà níbí níbí bí dókítà tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn, ó ní ₦180,000, iná kò sí níbẹ̀. Àwọn èrò inú kórópè ń bèèrè ṣéńjì wọn. Obìnrin kan ní ká fojú àánú wò ó, pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Dẹ́rẹ́bà wo obìnrin náà tìyanu-tìyanu, kò rí i rí, ṣùgbọ́n kíá ló gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó ń gùn mí ni pé mo ti jàre irú ẹjọ́ yìí rí. Oníṣẹ́ kan fi rìfáàsì wọ mọ́tò mi níwájú ilé ìtajà kan, ó sì ní òun kọ́. Ní England, gbèsè tàbí ìbàjẹ́ tí kò bá ju £10,000 lọ, kóòtù kan wà fún un tí èèyàn lè lọ láìgba lọ́yà. Mo kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, mo san £80 láti fi pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún san £123 fún ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Láti Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó bá dé kóòtù yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí onílàjà kan bá yín sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí fóònù. Á pe ẹnì kan, á gé e, á pe ẹnì kejì. Ẹ̀yin méjèèjì kò ní gbọ́ ohùn ara yín. Adájọ́ kò dé wíìgì, tábìlì kan ló jókòó tì. Ó ní kí ọkùnrin náà san án láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó san án, tòun ti owó kóòtù.

Kò kí mi. A dojú kọra ní kọ́rídọ̀ kóòtù, ó ń wo fóònù rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó gbá mọ́tò títí di òní, kò sọ "pẹ̀lẹ́" lẹ́ẹ̀kan, torí wọ́n ti kọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà ibẹ̀ pé ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà nígbà tí owó náà wọlé, mi ò rí ẹni bá yọ̀. Ní Àgbárá, ẹnì kan ti fún mi ní píọ́ wọ́tà, ẹnì kan gbé àga wá, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń sọ pé ẹ kú ewu. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó dùn títí tí mo fi ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó tíì bi dẹ́rẹ́bà léèrè ohun tó ń wá ní wọ́n-wéè. Èmi ni gbogbo wọn ń bẹ̀. Èmi tí wọ́n gbá ni mo wá di ìkà.

Ọmọkùnrin kan tó wọ táì ló wá bá mi. Ó ní irú kóòtù tí mò ń wí wà ní Èkó láti ọdún 2018, wọn ò gba ohun tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ọgọ́ta ọjọ́ ló sì yẹ kí ẹjọ́ fi parí. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò gbọ́ ti fẹ́ńdà. Ìpínlẹ̀ Ògùn la sì wà. Agbèrò ní kò burú, Mọ́rọ́gbọ́ kò jìnnà, ká jọ ti mọ́tò dé Èkó ká lọ gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ táì ní ọ̀nà kan wà: kí dẹ́rẹ́bà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ mí ní ₦180,000, kó buwọ́ lù ú, ó ti di gbèsè. Ó yọ bírò.

Dẹ́rẹ́bà tó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti àárọ̀ dìde dúró. "Ẹ máa nà mí, sà. Ẹ má gbé bírò sí mi."

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi dé lórí ọ̀kadà. Mo ní agbẹjọ́rò mi dé. Dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ kí! Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ti padà. Bí Camry bá wà lọ́dọ̀ pánẹ́bítà, kórópè wọn ni màmá àwọn ọmọ máa wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Màmá oníbọ̀ọ̀lì dá ẹjọ́: kí dẹ́rẹ́bà kó ₦30,000 sílẹ̀, kí a gba táyà ẹ̀sítírà rẹ̀ dúró títí yóò fi san ìyókù. Owó kò pé, àwọn èrò dá ₦4,000 fún un. Táyà náà kò ní eyín kan.

Èmi ni mo san owó pánẹ́bítà. Láti ìgbà náà ni àbúrò mi ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé dẹ́rẹ́bà ń gbé ìyàwó òun lọ sí ọjà Lùsádà lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó ń kí mi, pé ó ń bèèrè táyà rẹ̀. Mo fèsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ọ́ kó dáa: mo fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti san ìyókù. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ohùn náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó sọ pé òun ti dá táyà padà fún un láti ọjọ́ Àìkú.