Jẹ́sì Ọdún Ìyà

Ọjà kan wà nílẹ̀ òyìnbó tí a kì í ná ní Kétu, ìlú wa ní Benin. Ọjà ìyà àtijọ́ ni. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ànàbolẹ̀ fún odidi sáà, tí gbèsè mù ún dé ọrùn, tí wọ́n lé kóòṣì mẹ́ta lọ kí òjò tó dá, ẹ má rò pé àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà yóò fi jẹ́sì ọdún yẹn nulẹ̀. Wọn yóò ká a sínú ọ̀rá ni, wọn yóò fi pamọ́. Bí ọdún 15 bá kọjá, wọn yóò gbé e jáde, wọn yóò sì dá iye kan lé e tí ẹni tó gbọ́ yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún un sọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Montreuil, létí Paris níbi tí mò ń gbé. Ọmọ Faransé ni, ọmọlúàbí ni, ó ń san owó orí rẹ̀ lásìkò. Ṣùgbọ́n ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọjọ́ tó ṣí i fún mi, mo rò pé wúrà ni màá rí. Jẹ́sì Paris Saint-Germain ló kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n gbé e kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí agbádá ọdún Iléyá. Mo wá ti 1994 tí wọ́n gba líìgì, n kò rí i. Mo wá ti 2013 tí wọ́n tún gbà á, kò sí níbẹ̀. Mo bi í léèrè.

"Ẹnikẹ́ni ló lè wọ jẹ́sì ọdún tí a borí," ó ní. "Bi mí pé ta ló wà ní Sochaux."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sochaux, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé inú owó Qatar ni wọ́n bí PSG sí. Sáà 2006 sí 2007, ipò 15 ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ 20. Sáà tó tẹ̀ lé e tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2008, ọjọ́ tí sáà ń parí, ẹgbẹ́ olú-ìlú Faransé ti ń fẹsẹ̀ kan tẹ ìpele kejì. Sochaux ni wọ́n ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Amara Diané, ọmọ Ivory Coast, ló gbá méjèèjì wọlé tí wọ́n fi borí ní 2 sí 1. Lens ló já, PSG ṣe ipò 16. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, ó sunkún níbẹ̀, jẹ́sì tó fi nu omijé sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Kò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní bí òun bá fọ̀ ọ́, 2008 á bá omi lọ.

Ní ilé wa, Ẹ̀fẹ̀ ni ìbá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde láàárín ọjà, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wá jó lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tó ga ju ẹni tí ó lè fi kọrin lọ. Olóyè tó jẹ owó ìlú, ìyàwó tó ń na ìyá ọkọ, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò 16 ní Kétu, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni agbábọ́ọ̀lù wọn yóò ti di ẹrù lọ sí Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Ọdún 2008 yẹn gan-an ni UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá kọrin ní Parc des Princes, pápá PSG. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó fi ìtìjú kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín, ó parí. Òyìnbó á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fìdí rẹmi, á wá ká ìtìjú náà sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ iye tí ìyà ń jẹ́ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ra jẹ́sì sáà 2004 sí 2005 kan, èyí tí wọ́n kọ Thomson sí láyà, lórí Vinted, ọjà àlòkù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 80 yúrò. Ipò 9 ni PSG ṣe lọ́dún náà, kò tiẹ̀ burú tó láti fi pa àlọ́. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ó ní kí n ṣe é sí owó tiwa. Yúrò kan jẹ́ fáráǹsì 655 àti díẹ̀, kì í lọ sókè, kì í wálẹ̀. 80 yúrò lé ní 52,000 fáráǹsì. Ìyá mi dákẹ́. 52,000 náà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Benin ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ láti oṣù Kìíní 2023.

"Owó oṣù odidi èèyàn," ó ní, "lórí màyó tí wọn ò fi gba nǹkan kan?"

"Ìyá, ohun tó mú un wọ́n gan-an nìyẹn."

Ó ní kí n lọ jẹun kí n sùn.

Èmi náà kò ṣàì lọ́wọ́ sí i. Stéphane Sessègnon ló kó mi sí i. Lẹ́yìn Sochaux, lọ́dún 2008 náà, PSG rà á lọ́wọ́ Le Mans. Ọmọ Benin ní Parc des Princes! Ní Kétu, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Kútọnu mọ orúkọ rẹ̀. Ó bá wọn gba Ife Faransé ní 2010, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò 13 ni wọ́n ṣe nínú líìgì lọ́dún kan náà. Ní oṣù Kìíní 2011 ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí Sunderland. Ọdún náà kò tíì parí tí àwọn ará Qatar fi gbé owó dé. Ẹni tó bá wọn jẹ ẹ̀bà lásán ti dìde kúrò nídìí àwo kí wọ́n tó gbé ẹran wọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́sì ọdún ìyà jọ kò nílò làálàá púpọ̀. Kó ṣáà máa tẹ̀ lé ìwé ìrìnnà Benin. Rudy Gestede lọ sí Aston Villa ní 2015, wọ́n fi àmì 17 péré ṣe ìkẹyìn, wọ́n já. Ní oṣù Kìíní 2017, ó lọ sí Middlesbrough, àwọn náà já kí sáà tó parí. Steve Mounié, ọmọ Parakou, gbá méjì wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ jẹ́sì Huddersfield nínú Premier League, a bú sáyọ̀ kárí ìlú. Nígbà tó di 2019, àmì 16 ni Huddersfield ní, ó dín sí ti Villa. Kì í ṣe ẹjọ́ àwọn ọmọkùnrin yìí o, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, wọn kì í ṣe babaláwo. Ṣùgbọ́n mo ra gbogbo jẹ́sì náà, ọ̀pọ̀ ò sì wọ́n.

Ti orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 2004, ní Tunisia, la kọ́kọ́ dé Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n nà wá. Ní 2008 ní Ghana, bákan náà. Ní 2010 ní Angola, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Mozambique, inú wa sì dùn títí di ọjọ́ tí a tún jáde sí pápá. Nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Nàìjíríà kò gbẹ́yìn lára àwọn tó nà wá. Ẹ̀yin ará wa tó wà lódì kejì ààlà, a kò gbàgbé. Ìgbà tó wá di 2019 ní Egypt, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Ghana, a ta pẹ̀lú Guinea-Bissau, a ta pẹ̀lú Cameroon, a sì rọra fi ọ̀mì yọ́ wọ ìpele tó kàn. Ilé kọfí àwọn ará Morocco ni mo wà ní Montreuil ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Keje tí a kojú Morocco. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Àsìkò ti tán, rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì, Ziyech gbá a, ó lu òpó. Gbogbo ilé kọfí gbé orí sọ́wọ́. Mo gbé orí tèmi náà sọ́wọ́, torí ààbò ẹ̀mí ni, mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. A nà wọ́n ní 4 sí 1 nígbà tó di pẹnáritì. Lẹ́yìn náà Senegal fi góòlù kan lé wa wálé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 2004 títí dé 2019, ìgbà 14 la gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí a borí láìjẹ́ pé pẹnáritì dá sí i, síbẹ̀ a ti jókòó láàárín àwọn mẹ́jọ tó ga jù ní Áfíríkà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ní 2022, wọ́n rò ó pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè bá kìnnìún àti erin du nǹkan, wọ́n sọ ọ́ di Guépards, ẹranko asáré tó jọ ẹkùn. Jẹ́sì ìgbà Ọ̀kẹ́rẹ́ di ohun àtijọ́ lọ́sàn-án kan òru kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ará Kétu. Wọ́n ń wọ tiwọn lọ sóko.

Ọ̀nà tí jẹ́sì ń gbà dé Kétu ń yà mí lẹ́nu. Ará Paris á jù ú sínú àpótí irin tí wọ́n gbé sẹ́bàá títì fún àlòkù aṣọ. Wọ́n á dì í ní bẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Kútọnu. Ní ọjà Missèbo, wọ́n á gé okùn bẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ méjìlá á ki bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di Pọ́bẹ̀, ó di Kétu. Òmíràn á tún gba Ìlárá wọ Nàìjíríà lóru, torí ìjọba ibẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ òkìrìkà, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi á wá lọ sílé, màá rà á, màá gbé e padà sí Paris tó ti kúrò. Ó lọ, ó bọ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní físà. Àbúrò mi tó fẹ́ wá kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣì ń wá ìwé tí wọ́n ní kó mú wá.

Ẹ̀bá ọjà Kétu ni mo ti rí Thomson tèmi, lọ́rùn ọmọkùnrin kan tó ń lẹ táyà alùpùpù. Áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yìnná ti yọ́ lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn jẹ, THOMS ló kù. Oòrùn ti fọ búlúù rẹ̀ di aró tó ṣá. Wọ́n ti fi òwú pupa rán abíyá ọ̀tún.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú àbọ̀ o. Táyà iwájú ni àbí tẹ̀yìn?"

"Táyà mi ò jò. Jẹ́sì ọrùn rẹ ni mo fẹ́ rà."

Ó wo ara rẹ̀, ó wò mí. Ó bọ́ ọ, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fọwọ́ wá àpò tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Mbappé ló wọ̀ ọ́?"

"Mbappé ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn."

"Ronaldinho ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Ta ló wá wọ̀ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe ipò 9."

Ló bá ké sí àwọn ará ìsọ̀: "Ẹ wá wo bọ̀ọ̀dá Paris o!" Ìyá alákàrà ní òtútù ló ń fà á, ó ní ó ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọkùnrin náà ti ronú tán ní tirẹ̀. Ó ní 1,000 fáráǹsì lòun rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá nǹkan tí kò dáa tó báyìí, owó ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. 5,000 ló gbà, pẹ̀lú ẹ̀wù tó wà lọ́rùn mi. Mo wọ THOMS délé. Ìyá mi fi igi gbé e kúrò ní pálọ̀.

Ọdún kan, ọ̀rẹ́ mi bá mi délé. Mo mú un lọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà ìlú tí àwọn baba wa kọ́ sẹ́bàá yàrà láti fi dènà ọ̀tá. Àgbàlagbà kan ń ṣàlàyé bó ṣe lágbára tó, ó ń fọwọ́ lu ògiri.

"Ṣé ó dá ọ̀tá dúró?" ọ̀rẹ́ mi béèrè. Èmi ni ògbifọ̀. Ó wù mí kí n túmọ̀ ìbéèrè mìíràn.

Àgbàlagbà náà mí kanlẹ̀. Ó ní lọ́dún 1886, àwọn ará Dàhòmì jó Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Abomey, ìlú dahoro, ó di 1894 kí àwọn tó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣi Àkàbà gbọ́ o! Ebi àti ẹ̀tàn ló ṣẹ́gun Kétu. Ẹnu ọ̀nà ò ṣe nǹkan kan.

"Rẹfirí," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ó ń mi orí. "Àwa náà, rẹfirí ni." Ó wo ògiri náà pẹ́. "Ẹ̀yin náà pa ti ọdún tí wọ́n nà yín mọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ a kì í gbé e sórí Vinted.

Ọ̀rọ̀ burú fún un ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2025. PSG na Inter ní 5 sí 0 ní Munich, wọ́n gba ife tó ga jù ní Yúróòpù. Ó yọ̀ lọ́jọ́ náà, ó fò, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sókè. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Sochaux rí ti kún títì pẹ̀lú jẹ́sì tuntun, inú wọn ń dùn láìṣiṣẹ́ fún un. Mo rí i pé ìyà ti tán lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un nípa Ọ̀kẹ́rẹ́: ìgbà 14, kò sí ẹyọ kan.

Ojú rẹ̀ là. Ó ní kí n bá òun wá ọ̀kan, iye yòówù kó jẹ́, kó ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀ dáadáa, kí erùpẹ̀ ìlú wà lára rẹ̀, kí wọ́n má fọ̀ ọ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀kan wà. Àbúrò mi ló ń wọ̀ ọ́ lọ sóko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìdígní, ó ti pọ́n pẹ̀lú erùpẹ̀ Kétu dé ọrùn ọwọ́. Mo pe ìyá mi kíákíá.

"Màyó Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn?" ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni mo rẹ ẹ́ sí, gbogbo erùpẹ̀ ẹ̀ ló jáde. Ó ń tàn yanran lórí okùn."

Mo ṣàlàyé ohun tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fún un. Mo sọ iye tó fẹ́ san, mo sì ṣe é sí fáráǹsì kó tó béèrè. Ìyá mi dákẹ́. Mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò létí, tó ń pe àbúrò mi láti inú àgbàlá.

"Ká màyó yẹn kúrò lórí okùn, kí o wọ̀ ọ́ padà sóko. Má ro oko lónìí o, inú ebè ni kí o máa yí."

Ó wá padà sórí fóònù.

"Sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó ṣetán."