Bàbá Ta-Ló-Fà-Á

Ẹ ò ní pẹ́ ní ibùdókọ̀ Pleasure, lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, kí ẹ tó rí i. Ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn ló máa ń dúró sí, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń ka ìwé tí kò ní rà. Kò sí ohun tó gbówó lórí lọ́jà Òkè-Odò tí kò mọ orúkọ ẹni tó fà á. Ìdí tó fi wọ́n kò kàn án. Orúkọ ló ń wá.

Epo rọ̀bì tó ń lọ ní ohun tó lé ní $100 ní àárín ọdún 2014 ti já wá sábẹ́ $50 lóṣù Kìíní 2015, kí ìdìbò tó gbé Buhari wọlé tó wáyé rárá. Ẹ má sọ fún Bàbá. Jonathan ti PDP ló jẹ ẹ́ run, ó parí. Nígbà tí ọrọ̀-ajé dojú dé lọ́dún 2016, ọdún 16 tí PDP fi ṣèjọba ló fà á. Lọ́dún yẹn kan náà, kòkòrò jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná. Bàbá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kòkòrò PDP ni. Lọ́dún 2017 ara tu ọrọ̀-ajé díẹ̀. Buhari ni! Mo bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ PDP tán tí iṣẹ́ ọwọ́ Buhari bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́ ìṣèlú."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ní ẹnìkejì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ àbùkù Jonathan. Ó ní inú rere ló jẹ́ kí bẹntiróòlù dín láti ₦97 sí ₦87 lóṣù Kìíní 2015. Rọ̀bì tó já wálẹ̀ kò sí nínú ìtàn tirẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìbò tó kù sí dẹ̀dẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ wá le. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 ti di ₦488 l'Ékòó. Kí oṣù Keje tó tán, ó di ₦568. Wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kó lọ máa du orí ara rẹ̀. Ta ló fà á? PDP ti kúrò lórí àlééfà fún ọdún mẹ́jọ. Buhari? Ẹgbẹ́ kan náà ni, fìlà APC sì ń bẹ lórí Bàbá.

Ọlọ́run bá ṣí ojú rẹ̀ sí Emefiele. Jonathan ló fi í ṣe olórí báńkì àpapọ̀ lọ́dún 2014, Buhari dá a padà síbẹ̀, Tinubu dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí àgbo ẹ̀bá títì ló rí, kò sí àìsàn tí kì í wò. Òótọ́ tiẹ̀ wà nínú ẹ̀: gbèsè tí ìjọba jẹ báńkì náà ti ju tírílíọ̀nù 22 náírà lọ kí Buhari tó lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó yáwó yóò yọjú.

Nínú ìṣirò oṣù Kìíní 2025, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn kúrò ní ọdún 2009 bọ́ sí 2024. Ìwọ̀n tí ọjà fi ń gbówó lórí, tó jẹ́ 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù tó ṣáájú, bá di 24.48. Ìṣirò ló yí. Ìrẹsì kò mọ̀ sí i. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde rẹ̀ ni Bàbá fowó rà.

"Ẹ ò rí iṣẹ́ Tinubu, Jagaban wa!"

Mo ní kí ló dé tí owó ọkọ̀ kò wá dín. Ó ní àwọn kọ̀ńdọ́ ni, láti 1999 tí PDP ti dé ni ìwà wọn ti bàjẹ́.

Oníwèé ìròyìn gbójú sókè. "Bàbá, ẹ dákun, ta ni gómìnà Èkó ní 1999?"

Bàbá ti nawọ́ dá dánfó dúró, ó sì ti fò wọlé. Abúlé-Ẹ̀gbá ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ẹ̀gbẹ́dá ni Bàbá ń gbé.