Sípíkà Kò Ṣeé Sè

Ní ọdún 2023, nígbà tí Àjíǹde ń sún mọ́lé, kóòtù Májísíréètì kan ní Kánò dájọ́ ikú fún àkùkọ. Aládùúgbò méjì ló fẹjọ́ sùn pé igbe rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn sùn. Ẹni tó ni ín bẹ̀bẹ̀: ọdún lòun rà á fún, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì kóun tó dúńbú ẹ̀. Kóòtù gbà. Nínú gbogbo ẹjọ́ Nàìjíríà tí mo ti ń gbọ́, èyí nìkan ni wọ́n dá tí ọbẹ̀ jáde nínú ẹ̀.

Ìdájọ́ yìí ń wu àwọn kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn tó fẹ̀yìn tì l'Ékòó, tí wọ́n wálé wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi gbé Òṣòdì, hóònù dánfó ò jí wọn rí. Àmọ́ kí àkùkọ ìyá àgbà kan gorí ògiri láàárọ̀ kùtù, kó gbọn apá pà-pà-pà, kó na ọrùn, kó ké, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru.

Ọ̀rọ̀ ò tíì dé kóòtù. Àgò ń bẹ. Kí Màmá dà á bo àkùkọ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tẹ́ àpò ìrẹsì lé e kó ṣókùnkùn, kí òrùlé àgò sì rẹlẹ̀ débi tí ọrùn ò ní ráyè nà. Ohùn ẹ̀ á há. Kò ní dákẹ́ pátápátá o: lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Nagoya ní Jàpáànù fi hàn pé aago wà nínú ara ẹ̀. Wọ́n fi í síbi tí iná bàìbàì kì í yí padà, ó ṣì ń kọ lásìkò. Lọ́dún 2015 wọ́n tún rí i pé èyí tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ní ipò-ipò. Ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló létò tó báyẹn?

Ìwádìí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, Bẹ́ljíọ̀m ló ti wá, lọ́dún 2018. Wọ́n wọn ariwo igbe àkùkọ kan tó ń kọlu etí òun fúnra rẹ̀, ó ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ. Kí ló dé tí kò di adití? Bó bá ti la ẹnu gbàù, ihò etí ẹ̀ á pa dé. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan tó ń wí. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ọkọ̀ ìpolongo ìbò rí mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ìpolongo ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, sípíkà ìṣọ́ òru ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sẹ́ni nínú àwọn onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Pásítọ̀ á gégùn-ún, olóṣèlú á rán tọ́ọ̀gì, sípíkà ò sì ṣeé sè.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní dandan àfi kóòtù, kí wọ́n múra dáadáa. Ìtàn ní ọmọ Odùduwà ni Ajagúnnlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ ní Ìlá, a sì mọ ohun tí ìtàn Ifẹ̀ sọ nípa adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí Odùduwà gbé wá, tó tan yẹ̀pẹ̀ lórí omi tó fi di ilẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni lọ́yà àkùkọ máa bi onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ilẹ̀ tó kọ́lé sí yìí, ọwọ́ ta ló ti rà á?